Ìlẹ̀kùn Tí N Kò Ṣí Fún Wọn

                                        Yàrá Ẹ̀yìn, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Òpópónà Ilé Ìlagi,
                                        Ọjọ́rú, ìparí oṣù kẹta.

Àdúmáadán, ọ̀rẹ́ tó di ẹ̀gbọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Baálé rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ màmá tó ń wú nígbà tí a ríra kẹ́yìn, ṣé ó ti ń lọ sílẹ̀? Bá mi kí wọn, kí o sì sọ fún wọn pé mi ò gbàgbé aṣọ àga tí mo ṣèlérí, àfi kí wọ́n fi sùúrù sí i fún mi, torí ohun tí ojú mi rí.

Má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ̀ bí ẹni mutí yó. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ọ́. Kí àyà rẹ má já, mo wà láàyè. Mo mọ̀ pé o ti máa gbọ́ oríṣiríṣi: pé wọ́n sun wá mọ́lé, pé mo ti kú, pé orí mi ti dàrú. Àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri kì í gbé e láìbu iyọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n fẹnu ara mi sọ fún ọ.

O mọ bàbá ọkọ mi, káfíńtà tó kan bẹ́ẹ̀dì ìgbéyàwó rẹ. O mọ ṣọ́ọ̀bù onípáànù wọn tó dá dúró níwájú ilé yìí, níbi tí èmi ti ń rán aṣọ tìmùtìmù nígun kan, tí Baba àti ọmọ wọn ń lagi, tí wọ́n ń fági, tí èérún igi ń wọ inú oúnjẹ mi. Gbogbo káfíńtà ayé ló ń sọ fún oníbàárà pé kó padà wá lọ́la, ọ̀la ọ̀hún á di ọdún. Ti Baba ò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá, àga á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń ba orúkọ káfíńtà jẹ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Olúwa tí àwọn ń retí kò ní ṣàì dé bó ṣe ṣèlérí, àwọn ò sì fẹ́ kó wá bá iṣẹ́ oníṣẹ́ nílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn.

Bí Baba ṣe rí nìyẹn. Ìrètí pé Jésù ń padà bọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsinmi nìkan lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá ń kan ìṣó, wọ́n á máa ka àwọn ìlérí Ọlọ́run lọ́kọ̀ọ̀kan: omijé máa tán, àwọn tó sùn nínú Olúwa máa jí, ikú fúnra rẹ̀ máa kú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti pa àbúrò mi, ńṣe ni mo kàn ń fetí gbọ́ ọ. Ọkàn mi ti kọ̀yìn sí i.

O wà níbi ìsìnkú rẹ̀, àmọ́ mi ò sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ lọ́jọ́ náà. Àbúrò mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Iná ló lọ tún ṣe nílé ìyá àgbà kan, ó ń bọ̀ wálé ni, tí ẹgbẹ́ ọmọ ìta méjì tó ń du ibùdókọ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́ fi ya lu ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn wà tí wọ́n ń pè ní Bíríkì, torí bíríkì ló fi ń jà. Ó là á mọ́ àbúrò mi lórí látẹ̀yìn. Nígbà tí ìyẹn ṣubú, ó tún là á mọ́ ọn lójú, ó ń là á títí. Bàtà ni mo fi dá àbúrò mi mọ̀ nílé òkú. Ojú ò sí níbẹ̀ mọ́.

Bíríkì sì ń rìn kiri ládùúgbò. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí àwọn tó rí i lè jẹ́rìí. Mo máa ń rí i níwájú ilé ìtajà tó kọjú sí wa, á máa mu omi tútù, á máa rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun báláú. Lọ́jọ́ kan mo bi Baba pé bí Olúwa bá ń bọ̀ lóòótọ́, kí ló ń ṣe lójú ọ̀nà? Mo rò pé wọ́n á bá mi wí. Wọ́n gbé ìfági sílẹ̀, wọ́n ní, "Ìyàwó, èmi náà máa ń bi Í bẹ́ẹ̀." Wọ́n tún gbé ìfági, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ọjọ́bọ̀ kan ni ọ̀rọ̀ náà wá ṣẹlẹ̀, ní ìyálẹ̀ta. Ọkọ mi ti lọ ra pákó nílé ìlagi. Mo ń gé aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí àwọn ará òpópónà ń ti ìlẹ̀kùn wọn, gbà, gbà, gbà. Kí n tó bèèrè pé kí ló dé, ọkùnrin kan já wọlé, ó kọlu bẹ́ǹṣì, ó ṣubú yakata sínú èérún igi. Ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde nítan rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Etí rẹ̀ kan ti já dé ìdajì, ó ń fì dirodiro.

"Baba, ẹ gbà mí! Ẹ dákun, wọ́n fẹ́ pa mí!"

Baba ò bi í pé ta ni. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn, wọ́n fi irin dábùú rẹ̀, wọ́n ya àlòkù aṣọ tìmùtìmù, wọ́n fi di itan rẹ̀ pinpin. Nígbà tó gbójú sókè ni mo rí ẹni tó jẹ́. Bíríkì ni.

Àdúmáadán, mi ò mọ ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo kàn rí i pé mo ti gun àyà rẹ̀, orúnkún mi wà lọ́fun rẹ̀, mo sì ti fi ẹnu àlùmọ́gàjí ńlá tí mo fi ń gé aṣọ sábẹ́ ojú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ níbẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ mí?"

Ó ní òun ò mọ̀ mí.

"O pa àbúrò mi!"

Ó ń wò mí. Ó wá bi mí pé, "Èwo nínú wọn?"

Kò fi ṣe àfojúdi, ọ̀rẹ́ mi. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Ìyẹn gan-an ló burú jù. Ojú mi ṣú, mo sì gbé àlùmọ́gàjí náà sókè láti gbé e wọ ọrùn rẹ̀. Baba ò já a gbà. Wọ́n kàn gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ọwọ́ wọn tó le bí pákó yẹn, wọ́n ní, "Ìyàwó. Dìde."

Ìgbà náà ni àwọn tó ń lé e dé. Wọ́n fi àdá gbá ìlẹ̀kùn. Mo dá ohùn olórí wọn mọ̀, Ṣéènì tí ń wé ṣéènì alùpùpù mọ́wọ́ kiri. Òun ni olórí ẹgbẹ́ kejì tó ń du ibùdókọ̀ yẹn mọ́ ẹgbẹ́ Bíríkì lọ́wọ́.

"Baba, ẹ̀yin kọ́ la wá bá! Ẹ tì í síta!"

Baba fa irin ìdábùú wò bóyá ó le. Nígbà tí Ṣéènì tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, èmi ló sì ń bá sọ ọ́.

"Àǹtí, mo mọ̀ pé ẹ wà nínú ilé. Òun ló pa àbúrò yín, kò sẹ́ni tí ò mọ̀. Àwọn ọlọ́pàá ò ṣe nǹkan kan fún yín. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwa á bá yín gbẹ̀san."

Mi ò ní purọ́ fún ọ: ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Ẹnikẹ́ni ò sọ ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí àbúrò mi ti kú. Mo dé ẹnu ìlẹ̀kùn, mo gbọ́wọ́ lé irin ìdábùú. Mo wo Baba. Mo rò pé wọ́n á wá dì mí mú. Ńṣe ni wọ́n kúrò lọ́nà fún mi.

"Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n ẹni tó kú," ni wọ́n wí. "Mi ò ní fipá mú ọ. Ọlọ́run ti ní kí a fi ẹ̀san sílẹ̀ fún Òun, mo sì gbà Á gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ẹnu tìrẹ gbà Á gbọ́."

Bíríkì ti wọ́ lọ sídìí ògiri, ó ń sunkún bí ọmọdé. Àánú rẹ̀ kọ́ ló ṣe mí. Ohun tó bá mi níbẹ̀ nìyí: bí mo bá ṣí ìlẹ̀kùn yìí, ohun tí mò ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Pé àbúrò mi ò ní jí. Pé Ṣéènì ni onídàájọ́ tí mo ní, ìdájọ́ rẹ̀ ò sì ju àdá lọ. Mo wo ọ̀rọ̀ náà síwájú sẹ́yìn, mo rí i pé bí inú ṣe ń bí mi sí Olúwa tó, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Mo mú ọwọ́ kúrò lára irin náà. Mo pariwo sí Ṣéènì pé, "Kúrò níbí! Ìwọ kọ́ ni mò ń retí!"

Wọ́n kó àáké bo ìlẹ̀kùn.

Èmi àti Baba ti kọ́bọ́ọ̀dù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn mọ́ ọn, a fi ẹ̀yìn tì í. Igi ń fọ́ lẹ́yìn wa wéréwéré. Àdá kan gba àlàfo wọlé, mo gbọ́ ìró rẹ̀ lára kọ́bọ́ọ̀dù, mo wá rí ìka mi méjì lórí èérún igi kó tó di pé ó dùn mí. Mo kígbe. Bíríkì ti gbé òòlù Baba, ó ń fi lu irin fèrèsé ẹ̀yìn kíkankíkan. Irin náà ya, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fò jáde. Kò bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí àwọn géńdé náà wọlé tí wọn ò bá a, orí Baba ni wọ́n ti gba gbèsè rẹ̀. Ṣéènì fi ṣéènì na Baba lójú, eyín fọ́n ká bí àgbàdo. Baba wólẹ̀. Àwọn géńdé náà gbé apá Baba lé orí bẹ́ǹṣì tí Baba ti ń lò láti ìgbà èwe, wọ́n fi orí àáké lu ú títí egungun fi yọ síta. Mo fò mọ́ ọ̀kan nínú wọn, mo bù ú jẹ lọ́rùn, ẹnì kan fẹsẹ̀ gbá mi níkùn, mo di ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń tẹ Baba mọ́lẹ̀. Baba ò ṣépè. Orúkọ Olúwa ni wọ́n ń pè, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu wọn, ọ̀rọ̀ ò já geere mọ́.

Lẹ́yìn náà, àwọn géńdé náà da fáníìṣì tí a fi ń kun igi sílẹ̀, wọ́n ṣáná sí i, wọ́n jáde, wọ́n fi bẹ́ǹṣì tó wà níta dí ọ̀nà. Iná gba ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tí ebi ń pa. Mo fi ọwọ́ kan fa Baba, wọn ò mì. Èéfín wọ̀ mí lọ́fun. Mo sọ fún Olúwa pé bí Ó bá ń bọ̀, kó tètè máa bọ̀, torí ó kù díẹ̀ kó má bá wa.

Orí tó yọ lójú fèrèsé ẹ̀yìn, orí Bíríkì ni.

Ó wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ya yẹn. Ó gbé Baba kọ́ èjìká, ó tì wọ́n gba ojú fèrèsé jáde, ó padà wá fà mí. Bó ṣe ń gbé mi sókè, páànù àti igi òrùlé já lé e lẹ́yìn, mo gbọ́ bí ara rẹ̀ ṣe ń ta ṣàà. Kò jù mí sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni àwọn ará àdúgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé àwọn ní omi nílé.

Ilé-ìwòsàn kan náà ni wọ́n kó wa lọ. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de Bíríkì mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ọlọ́pàá jókòó tì í. Nígbà tí mo lè dìde, mo lọ bá a. Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ yẹ ọwọ́ mi wò bóyá mo mú nǹkan dání, mi ò dá a lẹ́bi. Bíríkì dojú bolẹ̀, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó. Mo bi í pé kí ló gbé e padà wá.

Ó ní, "Mi ò mọ̀. Mo ti sá jìnnà. Àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó tilẹ̀kùn mọ́ mi sínú rí. Ìta ni wọ́n máa ń tì mí mọ́."

Ó wá béèrè orúkọ àbúrò mi. Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ irú ẹni tó jẹ́, pé ó máa ń súfèé bó bá gun àkàbà, pé ó ń bẹ̀rù aláǹgbá, pé àwa méjì nìkan ni ìyá wa bí. Ó pe orúkọ náà lábẹ́nu. Ó pe ọlọ́pàá náà súnmọ́, ó ní kó gbọ́ ohun tí òun ṣe lọ́jọ́ báyìí báyìí. Èmi dúró, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo jáde lọ bá Baba.

Bí o bá bi mí bóyá mo ti dárí jì í, mi ò ní mọ ohun tí màá sọ. Lọ́jọ́ kan á dà bíi pé mo ti ṣe é, tó bá di ọjọ́ kejì, inú á tún máa ru mí. Wọ́n máa gbé e lọ sílé ẹjọ́, màá jẹ́rìí, màá sọ ti àbúrò mi, màá sì sọ ti fèrèsé náà. Èmi ò ní fi ọ̀kan pa èkejì mọ́.

Baba ò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Àgbọ̀n wọn ti fọ́, àwọn dókítà sì ti dè é, àfi kí a gbé etí sẹ́nu wọn kí a tó gbọ́ wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n lọ, ọkọ mi di ọwọ́ wọn tó kù mú. Wọ́n ní àwọn ti rò pé ẹnu iṣẹ́ ni Olúwa máa bá àwọn. "Ó wá jọ pé èmi ni mo máa kọ́kọ́ lọ bá A," ni wọ́n wí. Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ àgbọ̀n ò gbà. Wọ́n mí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ìjà náà máa parí sí. Kò parí síbẹ̀. Wọ́n ti mú mẹ́ta nínú àwọn géńdé náà, àmọ́ Ṣéènì ṣì wà ní ibùdókọ̀, àwọn tó rí i tún ti gbàgbé pé àwọn rí i. Lọ́jọ́ tí a sin Baba tán, ọkọ mi ò jẹun. Ó yá, ó wọ yàrá, ó gbé àáké tuntun tó rà. Mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Kúrò lọ́nà."

"N kò kúrò."

"Bàbá mi ni wọ́n pa! Wọ́n lu egungun wọn bí ẹni lu ìṣó! Ìwọ náà, wo ọwọ́ rẹ!"

"Mo mọ̀. Èmi ni mo ni ọwọ́ náà."

Àdúmáadán, o mọ ọkọ mi. Kò gbọ́wọ́ sókè sí mi rí. Ó gbé àáké yẹn sókè, mo rí ojú rẹ̀, kì í ṣe ojú rẹ̀. Mo di ojú mi. Àáké náà fẹ́ mi létí kọjá, ó wọ inú férémù ìlẹ̀kùn gbàù, ilé mì tìtì. Nígbà tí mo lajú, ó ti wólẹ̀ sórí orúnkún, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ń ké bí ẹran tí wọ́n dè.

"Ìgbà wo ló fẹ́ dé gan-an?" ni ó ń wí. "Wọ́n á pa gbogbo wa tán kó tó dé!"

Mo jókòó tì í nílẹ̀. Mo ní, "Mi ò mọ ìgbà náà. Bàbá rẹ náà ò mọ̀ ọ́n. Mo kàn mọ̀ pé Ó ń bọ̀ ni." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ó yà mí lẹ́nu pé mi ò fipá sọ ọ́. A jókòó síbẹ̀, a ò gbàdúrà, a kàn jọ ń retí ni.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, mi ò ní pa á mọ́ fún ọ. Bí alùpùpù bá dún lójú títì, mo máa ń wá ọkọ mi kiri. Fi wá sínú àdúrà rẹ, kí o sì bá mi kí baálé rẹ, àwọn ọmọ, àti gbogbo àwọn tó ń béèrè mi ní ṣọ́ọ̀ṣì yín. Sọ fún màmá pé mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka mẹ́ta di abẹ́rẹ́ mú, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀.

Bí o bá rí àyè, wá kí wa. Bí o bá ń wọlé, tẹrí ba díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àáké náà ṣì wà lára férémù. Ọwọ́ tèmi ò lè yọ ọ́, ọkọ mi ò sì fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́. Abẹ́ rẹ̀ là ń gbà wọlé, abẹ́ rẹ̀ là ń gbà jáde.

Èmi ni, tìrẹ títí Olúwa yóò fi dé,

                                        Ìyá Onítìmùtìmù.